Iṣu Ọpẹ́ Tí Wọ́n Sọ Di Ìṣákọ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìbínú bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá ti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀, irọ́ ni n ó pa. Àwọn tó bá ti Èkó bọ̀ a máa ròyìn iná tó ń tàn lójú títì àti ọkọ̀ ojú omi tó tóbi ju ààfin lọ. Mo rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí iná ni mo ṣe kúrò nílé. Ilé ni mo ń wá: ilé tí yóò jẹ́ tèmi, tí n ó fi páánù bò, tí ìyá mi yóò wọ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wá a. Mo rí i, wọ́n sì gbà á. Wọn ò jí i o. Ojú ọ̀sán gangan ni wọ́n gbà á, níwájú adájọ́, ẹnu èmi fúnra mi ni wọ́n sì fi gbà á.

Ọ̀sí ni wọ́n bí mi sí. Ará Ìlọ́fà ni ìyá mi. Lọ́dún tí bàbá mi kú, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná tí àwọn kan fi ń sun oko ta dé orí òrùlé agbo ilé wa, gbogbo ewé òrùlé sì jó tán kí a tó bu omi dé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ bàbá mi, tún tiwọn kọ́. Kò sẹ́ni tó rántí yàrá ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló wá láti Ìlọ́fà, ó ká ẹní rẹ̀, ó mú un lọ sílé, ó sì fún un ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó iṣu sí. Ìyá mi kò ráhùn. Ṣùgbọ́n mo lọ wò ó lọ́jọ́ kan, mo bá a níbi tó ti ń bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá ààrò ti ṣófo. Ìyá mi, tó ti bọ́ ogún èèyàn lójúmọ́ rí! Ọjọ́ náà ni mo sọ fún un pé n ó kọ́lé fún un.

Ó ní, "Ọkọ mi, ulé éè sá lọ. Àlàáfíà ni kó o máa wá."

Mi ò gbọ́. Ta ló ń gbọ́rọ̀ ìyá nígbà tí ara bá ń gbóná?

Ẹ̀rín ni Èkó fi pàdé mi. Mo ní mo ń wá "ulé" tí mo lè sùn, àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì fi ọ̀rọ̀ náà kọrin títí agara fi dá wọn. Ará òkè ni wọ́n ń pè wá, gbogbo wa pátá, ìbáà ṣe Ọ̀sí lo ti wá, ìbáà ṣe Ìlọrin. Nílé, bí mo bá sín, ẹni mẹ́ta á kí mi. Ní Èbúté Mẹ́ta, mo ṣàìsàn fún ọjọ́ mẹ́rin nínú yàrá tí àwa mẹ́fà ń sùn, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì bi mí ni pé, ṣé n ó lo ẹní mi ní alẹ́ yẹn. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Wọn ò mọ bàbá mi ni. Ẹni tí a kò mọ bàbá rẹ̀, kí la fẹ́ bi í?

Iṣẹ́ lagilagi ni mo rí ṣe, létí ọ̀sà níbi tí wọ́n ń kó gẹdú gúnlẹ̀ sí. Wọ́n á gbé igi ńlá dábùú ẹnu kòtò, ẹnì kan á dúró lórí igi, ẹnì kejì á wà nínú kòtò, àwọn méjèèjì á sì jọ máa fa ayùn gígùn kan lọ sókè sódò títí igi á fi di pákó. Ẹni orí igi ló ń rí atẹ́gùn. Ẹni inú kòtò ló ń fi ojú àti imú gba lẹ́búlẹ́bú igi láti àárọ̀ dalẹ́. Ará òkè ni wọ́n ń pè mí, ìsàlẹ̀ kòtò ni wọ́n sì fi mí sí. Ọdún mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Bí mo bá wúkọ́, itọ́ mi á pọ́n bí osùn.

Gànìyù, ọmọ Ìjẹ̀bú, ni ẹnì kejì mi lórí igi. Òun ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan, bí a ti ń jẹun, pé òun ti ra ilẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Orí àtẹ wo ni wọ́n tò ó sí?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, o fẹ́ kọ́lé, o ò sì mọ̀ pé wọ́n ń ta ilẹ̀? Orí kí lo fẹ́ kọ́ ọ lé?"

Bí ẹni pé ó gbá mi létí ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ kò ní iye. Bí àlejò bá dé, á mú obì lọ bá onílẹ̀, wọ́n á mú un lọ wo ibi tí yóò ro. Kò ní gbin ọ̀pẹ, kò ní gbin obì, torí ẹni tó gbin igi ti fẹ́ jókòó pẹ́ nìyẹn. Bí iṣu tuntun bá dé, á gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá, á gbé e kalẹ̀ sójúde níwájú gbogbo ilé, á sì sọ ọ́ sókè pé òun mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ìyẹn ni ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣu kan tún wà tí a ń gbé fún ẹni tó ṣe wá lóore: àna ẹni, ọ̀gá ẹni, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni. Ìyẹn kì í dé ojúde rárá. Ẹ̀yìnkùlé la ń gbé e gbà lọ sídìí ààrò, a ó gbé e fún obìnrin ilé, a kò sì ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ tiwa mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló pa mí.

Gànìyù kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ra ilẹ̀. Ó ní kí n má ra ilẹ̀ ẹbí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo láé, àfi kí gbogbo àgbà ẹbí tẹ̀ka sínú ìwé. Ó ní bí mo bá ti rà á, kí n má jẹ́ kó ṣófo, torí ilẹ̀ tó ṣófo l'Ékòó, ẹni mẹ́ta ló ń tà á. Kí n tètè gbé ògiri dìde, kí n fi ayálégbé sí i, kí n gbin igi sójúde kí ará àdúgbò lè rí i pé tèmi ni. Ọlọ́gbọ́n ni Gànìyù. Gbogbo ohun tó sọ ni mo ṣe, àyàfi èyí tó kọ́kọ́ sọ.

Ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi ni Bàbá Súnmọ́nù, arúgbó tó ní ẹ̀rín lójú. Ó bi mí ní orúkọ bàbá mi. Ọdún karùn-ún mi l'Ékòó nìyẹn, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó bèèrè. Mo fẹ́ sunkún. Nígbà tí Gànìyù ní kí n ní kó pe àwọn àbúrò rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ wá tẹ̀ka, ojú tì mí. Lọ́dọ̀ tiwa, bí baálé bá ti sọ̀rọ̀, gbogbo agbo ilé ti sọ̀rọ̀. Ṣé èmi ni n ó wá sọ fún àgbàlagbà pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan kò tó? Òun nìkan ló tẹ̀ka. Mo ká ìwé náà sínú agolo, mo sì ń yọ̀.

Mo kọ́ yàrá mẹ́rin. Èmi ni mo gé pákó òrùlé rẹ̀ láti inú kòtò. Lọ́jọ́ tí a kan páánù tó kẹ́yìn mọ́ pákó, mo jókòó lórí òrùlé náà títí oòrùn fi ń jó mi nídìí, mo kọ̀, mi ò sọ̀ kalẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin méjì gba yàrá méjì lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Onílé wa, ẹ káàárọ̀." Èmi, ará òkè! Mo gbin àgbọn sójúde.

Obìnrin oníṣu kan wà tó ń ti Ìsólò-Ọ̀pin bọ̀, tó ń bá rélùwéè wá láti Ọ̀fà. Ìyá Oníṣu là ń pè é. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín èmi àti ìyá mi. Bó bá dé, á jókòó, á gbé ohùn ìyá mi wọ̀, á ní, "Yèyé rẹ ní òun kí ọ. Ó ní ṣé o ti ń jẹun kánú, pé ṣé ò ń yó." Èmi náà á sọ tèmi, á máa mi orí, á sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀ láìyọ kúrò. Mo ní kó sọ fún un pé ilé ti dúró, kó máa bọ̀. Oṣù mẹ́ta kí èsì tó dé. "Yèyé rẹ ní òun gbọ́. Ó ní ta ló fún ọ nílẹ̀? Ó ní ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà."

Ṣé mo ti dúpẹ́! Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọdọọdún, bí iṣu tuntun Ọ̀pin bá ti dé, mo máa ń ṣa márùn-ún tó dára jù lára ẹrù Ìyá Oníṣu, n ó gbé e gba ẹ̀yìnkùlé Bàbá Súnmọ́nù, n ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀ nídìí ààrò. Ọdún mẹ́rin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Arúgbó náà á máa rẹ́rìn-ín, á ní ọmọ òun láti òkè ti dé.

Ó kú lọ́dún karùn-ún. Kò pé ogójì ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ Ráímì fi dúró sójúde mi, tó ń fi bàtà ta ìdí àgbọn mi.

"Ará òkè, iṣu ọdún yìí dà?"

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Mo ní ó ku díẹ̀ kí iṣu tuntun dé.

Ó ní, "Èmi ni wàá máa gbé e fún báyìí. Èmi ni mo ni ilẹ̀."

Mo ní mo ti ra ilẹ̀. Ó bi mí pé ta ni wọ́n máa ń ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì tún máa ń gbé iṣu fún lọ́dọọdún. Ẹ ò rí i, àwọn tó yí wa ká rẹ́rìn-ín! Àwọn tí wọ́n rí mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí mo ru iṣu kọjá níwájú wọn, àwọn náà ni Ráímì fi ṣe ẹlẹ́rìí nígbà tó pè mí lẹ́jọ́ ní kóòtù.

Mi ò ní gbàgbé ọjọ́ náà. Mo fi irin búra. Lọ́yà Ráímì, ọmọ Èkó tó wọ aṣọ dúdú nínú ooru, sọ̀rọ̀ sí mi tìfẹ́tìfẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ṣé lóòótọ́ lẹ gbé iṣu fún olóògbé?"

"Lóòótọ́ ni."

"Lẹ́ẹ̀kan?"

Ó dùn mí pé ó rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Mo gbé orí sókè, mo ní, "Lọ́dọọdún. Mi ò jẹ́ kó yẹ̀ rí."

"Nígbà iṣu tuntun?"

"Ìgbà wo lèèyàn tún ń gbé iṣu?"

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, òmùgọ̀ tí mo jẹ́! Mo rò pé ìwà mi ni wọ́n ń yìn. Ìgbà tí mo rí ojú Gànìyù níbi tó jókòó sí ni mo tó mọ̀ pé mo ti ta ilé mi. Mo wá ń pariwo pé ìdí ààrò ni mo gbé e lọ, pé mi ò gbé e sójúde rí, pé kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó arúgbó. Ògbufọ̀ dúró, ó ń wò mí. Ó yíjú sí adájọ́ òyìnbó, ó sọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta péré. Mo bi í pé kí ló sọ. Ó ní òun sọ fún un pé mo gbé iṣu lọ sí ilé ìdáná.

Ìdájọ́ wọn ni pé ilẹ̀ ẹbí ni, ẹnì kan kò lè dá a tà; iṣu mi sì fi hàn pé èmi fúnra mi mọ̀ pé àlejò ni mí lórí rẹ̀. Bí mo bá fẹ́, kí n máa gbé ibẹ̀, kí n máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ráímì. Bí mi ò bá fẹ́, kí n kó ohun tó bá jẹ́ tèmi kúrò.

Ìbínú tó mú mi, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ìmoore tí ìyá mi fi kọ́ mi, òun ni wọ́n gbé sókè bí ẹran tí tàkúté mú. Bí mo bá jẹ́ ahun, bí mo bá jẹ́ ọ̀yájú tí kì í kí àgbà, ilé mi ì bá wà lọ́wọ́ mi dòní. Irú ìlú wo nìyẹn?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun orí òrùlé. Èmi àti Gànìyù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ráímì sáré dé.

"Ṣé orí rẹ ti dàrú ni? O fẹ́ ba ilé jẹ́!"

Mo ní, "Adájọ́ ní kí n kó ohun tó jẹ́ tèmi. Páánù kì í hù nínú ilẹ̀ bàbá rẹ."

Mo yọ páánù, mo yọ pákó, mo yọ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo gé àgbọn náà lulẹ̀. Ògiri amọ̀ nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún un, òjò sì ti ń ṣú. Inú mi dùn bí mo ti ń ṣe é, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà: àwọn ayálégbé mi méjèèjì dúró síta pẹ̀lú ẹrù wọn lórí. Ráímì ni mo bínú sí, àwọn ni òjò pa. Ẹni tó ń pè mí ní onílé wa kò kí mi pé ó dìgbà.

Báyìí ni mo ṣe padà sílé, pẹ̀lú àwọn alárù tó ru páánù tẹ̀lé mi láti Ọ̀fà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti darúgbó. Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ tó fi dìde, tó mú ọ̀pá rẹ̀, tó mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ìlọ́fà. Ó ní, "Ibi tójú rẹ bá tó, kọ́ ulé fún yèyé rẹ." Mo bi í pé kí ni kí n mú wá. Ó ní kí n mú ara mi wá. Mo bi í bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní bèèrè ilẹ̀ lọ́la. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọ òun kì í ṣe ọmọ Èkó.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan ni mo fi kọ́ ọ. Òun ni ilé páánù àkọ́kọ́ ní ọ̀nà yẹn, àwọn èèyàn ń ti Ọ̀sí wá wò ó. A ṣàdéhùn pé bí iṣu tuntun bá ti jáde, ìyá mi yóò kó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á sá. Mi ò lè sùn dáadáa. Bí mo bá rí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mi, Ráímì ni mò ń rí. Mo lọ bá tíṣà ìjọ kan ní Ọ̀sí, mo ní kó bá mi kọ ìwé. Ìwé náà sọ pé ilẹ̀ náà di tèmi títí ayé, pé iṣu yòówù tí mo bá gbé wá, ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ìṣákọ́lẹ̀.

Nígbà tí iṣu tuntun dé, mo ṣa márùn-ún. Mo gbé e gba ẹ̀yìnkùlé, mo gbé e sídìí ààrò, níbi tí ìyá mi jókòó sí tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo wá lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo na ìwé àti tàdáwà sí i kó tẹ̀ka. Mo sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Ibo lo gbé uṣu sí?"

"Ìdí ààrò ni, Baba."

"Nígbà tó wà nídìí ààrò, kí ni ìwé ń wá níbẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sọ ti Ráímì, mo sọ ti kóòtù, ohùn mi ń lọ sókè. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ẹni tó jà ọ́ lólè ń bẹ l'Ékòó. Èmi éè ṣe ará Èkó. Gbé uṣu rẹ." Ó sì wọlé lọ, ó fi èmi àti tàdáwà sílẹ̀.

Inú bí mi sí òun náà. Mo ní ṣé n ó tún máa gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu ni? Ṣé ẹ̀rín arúgbó kan kọ́ ló kọ́kọ́ tàn mí? Mo ń sọ ọ́ sókè níbẹ̀, bí ẹni pé kóòtù ni mo ṣì wà. Ìyá mi gbé ẹ̀gúsí rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Ìwé yẹn, ṣé àyè kù níbẹ̀?"

Mo ní ó kù.

"Kọ tèmi náà sí i. Kọ ọ́ pé ọmú tí mo fún ọ, ẹ̀bùn ni, éè ṣe ìṣákọ́lẹ̀."

Mo rò pé ó ń bú mi ni. Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sí ìkòkò tó wà lórí ààrò, ó fi àtàǹpàkò ra èédú ìdí rẹ̀ títí ó fi dúdú, ó sì nà án sí mi, ó ń dúró kí n gbé ìwé wá.